Nígbà tí ọmọ ogun ara bá dojú ìjà kọ ara: ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ń wá ẹni tí yóò parí rẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Òwe yìí bá àwọn àrùn kan mu, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Àbújá, olú ìlú orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá kò tíì gbọ́ orúkọ wọn rí. Ẹ̀fọn kì í gbé àwọn àrùn náà kiri, omi ìdọ̀tí kì í fà wọ́n, wọn kì í sì í ràn láti ara ẹnìkan dé ara ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ ogun tí Ẹlẹ́dàá fi sínú àgọ́ ara láti máa dáàbò bò ó gan-an ni wọ́n yí ojú ìbọn padà, tí wọ́n ń bá onílé jà.

Ní ọdún 1968, ìbéèrè pàtàkì kan nípa àwọn àrùn wọ̀nyí jáde láti ilé ìwòsàn ìkọ́ni UCH tó wà ní ìlú Ìbàdàn. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ káàkiri àgbáyé gbé ìbéèrè náà yẹ̀ wò, ó sì wà lára ohun tí wọ́n ń wádìí títí di òní. Síbẹ̀, àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ti gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ nípa àjẹsára ara, àwọn tó lè dúró sílé kí wọ́n sì dáhùn rẹ̀, kò tíì pọ̀ tó bó ti yẹ. Èyí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn, ọ̀rọ̀ ìwádìí àti ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé sí yunifásítì di ohun tí a kò lè yà sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn mọ́.

Ogun abẹ́lé nínú ara

Nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun wà, iṣẹ́ wọn sì ni láti máa ṣọ́ ara bí ọlọ́dẹ ṣe ń ṣọ́ àdúgbò. Bí kòkòrò àrùn bá wọlé, wọ́n á dá a mọ̀ ní àlejò, wọ́n á pe ara wọn jọ, wọ́n á sì ṣe àwọn èròjà tí yóò lẹ̀ mọ́ kòkòrò náà kí wọ́n lè pa á run. Kí wọ́n tó jáde sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ bí wọn yóò ṣe máa dá ọmọ onílé mọ̀ yàtọ̀ sí àlejò. Ẹ̀yà ara kékeré kan tó wà nínú àyà, lẹ́yìn egungun igbá àyà, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní thymus, jẹ́ ọ̀kan lára ilé ẹ̀kọ́ wọn. Èyí tí kò bá lè mọ onílé lára wọn, ara á pa á run kó tó jáde.

Àmọ́ ẹ̀kọ́ náà kì í fìgbà gbogbo pé. Àwọn kan lára àwọn ọlọ́dẹ náà a máa yọ́ jáde láìmọ onílé. Bí ara kò bá rí wọn kó níjàánu, wọ́n lè kọjú ìjà sí oríkèé ara, awọ ara, kíndìnrín, ẹ̀dọ̀fóró, ọpọlọ tàbí ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní àrùn ara-ń-bá-ara-jà nìyí. Irú rẹ̀ tí a ti mọ̀ lágbàáyé lé ní ọgọ́rin. Lára wọn ni irú làkúrègbé kan tó máa ń jẹ oríkèé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ títí wọn yóò fi wọ́, ìtọ̀ ṣúgà irú kìíní tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà èwe, irú gẹ̀gẹ̀ kan tó máa ń mú kí ẹyinjú yọ síta, àti èyí tí wọ́n ń pè ní lupus.

Nínú gbogbo wọn, lupus jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ṣòro jù láti dá mọ̀. Ó lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ibà tí kò lọ bọ̀rọ̀, àárẹ̀ tí oorun kò lè mú kúrò, oríkèé ríro, irun tó ń já, egbò inú ẹnu, àti èésú ojú tó na ìyẹ́ bíi labalábá láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan dé èkejì. Lára ẹni tó dúdú, èésú náà kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ́n bí àwọn ìwé ìṣègùn òyìnbó ṣe ń yà á. Ó lè dúdú ju awọ ara tó kù lọ, èyí sì ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọṣẹ tàbí ìpara ló fà á. Bí a bá to ènìyàn mẹ́wàá tó ní àrùn náà, bíi mẹ́sàn-án nínú wọn ni yóò jẹ́ obìnrin, ọjọ́ orí ọmọ bíbí ló sì sábà máa ń bá wọn.

Ó yẹ kí a là á yé àwọn ènìyàn pé àrùn yìí yàtọ̀ pátápátá sí àrùn éèdì. Nínú àrùn éèdì, kòkòrò kan ló wọlé tó ń pa àwọn ọmọ ogun ara títí wọn kò fi lè jà mọ́. Nínú àrùn ara-ń-bá-ara-jà, àwọn ọmọ ogun náà wà, wọ́n sì ń jà, àmọ́ onílé ni wọ́n ń lù. Ẹni tó bá bá aláìsàn náà jẹun nínú àwo kan tàbí tó bá a sùn lórí ibùsùn kan kò lè kó o.

Ṣé ibà ni, àbí kì í ṣe ibà?

Ẹ jẹ́ kí a fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tó ń gbé ní Nyanya, tó sì ń wọ ọkọ̀ lọ sẹ́nu iṣẹ́ ní Wuse lójoojúmọ́. Ara rẹ̀ gbóná, oríkèé ń ro ó. Ó lọ sí ilé ìtajà oògùn, wọ́n ní ibà ni, ó lo oògùn, ara rẹ̀ balẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó tún padà. Wọ́n ní ó ku jẹ̀funjẹ̀fun, ó tún lo oògùn mìíràn. Nígbà tí irun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já, tí ojú rẹ̀ sú, àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọwọ́ ayé ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì mú un kiri ilé àdúrà. Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí ìtọ̀ rẹ̀ ń hó bí omi ọṣẹ, ni wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá, kíndìnrín rẹ̀ sì ti fara gbọgbẹ́.

Ọ̀nà tí àpẹẹrẹ yìí là sílẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí àwọn oníṣègùn tó ń tọ́jú irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ibà wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà ju gbogbo orílẹ̀-èdè àgbáyé lọ, nítorí náà òun ni ọkàn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ lọ sí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ pàápàá kò rọrùn tó bí a ti rò. Àyẹ̀wò kan wà tó ń wá àwọn èròjà tó ń bá inú sẹ́ẹ̀lì ara jà, èyí tí wọ́n ń pè ní ANA. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹni tó ní lupus ni àyẹ̀wò náà máa ń mú, ṣùgbọ́n ó tún lè mú ẹni tí kò ní àrùn kankan, ó sì lè mú ẹni tí ibà ti bá jà léraléra láti kékeré. Nítorí ìdí èyí, àyẹ̀wò nìkan kò tó. Ó di dandan kí oníṣègùn tó mọ̀ nípa rẹ̀ wo aláìsàn, kí ó yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, kí ó sì pa gbogbo àmì pọ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

Ohun ìyanu kan tún so àrùn yìí pọ̀ mọ́ ibà. Oògùn tó jẹ́ ìpìlẹ̀ ìtọ́jú lupus káàkiri àgbáyé, hydroxychloroquine, jẹ́ àbúrò fún chloroquine, oògùn kíkorò tí àwọn òbí fi ń tọ́jú ibà ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ìjọba Nàìjíríà tó yí ìlànà ìtọ́jú ibà padà sí oògùn alápapọ̀ ní ọdún 2005. Oògùn yìí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń dá lò fúnra rẹ̀. Ó lè ṣèpalára fún ojú bí a bá lò ó ní ìlòkulò, oníṣègùn sì gbọ́dọ̀ máa ṣe àyẹ̀wò ojú fún ẹni tó ń lò ó fún ọdún gbọọrọ.

Ìbéèrè tó jáde láti Ìbàdàn

Ní ọdún 1965, ọ̀dọ́ oníṣègùn kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Brian Greenwood, gúnlẹ̀ sí UCH Ìbàdàn láti ṣiṣẹ́. Ohun tó kọ́ nílẹ̀ rẹ̀ ni pé irú làkúrègbé tó ń jẹ oríkèé wọ́pọ̀ gan-an láàrin àwọn aláìsàn. Nígbà tó dé Ìbàdàn, ó wá a tì. Ó ń rí ibà, ó ń rí aràn, ó ń rí àrùn lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n ekukáká ni ó fi ń rí aláìsàn tí ara rẹ̀ ń bá ara rẹ̀ jà.

Dípò kí ó gba èyí bẹ́ẹ̀, ó lọ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn náà, láti ọdún 1957 tí wọ́n ṣí UCH títí dé ọdún 1966. Láàrin àkókò náà, iye aláìsàn tí àkọsílẹ̀ tó yẹ̀ wò fi hàn pé wọ́n gbà sí ilé ìwòsàn náà jẹ́ 98,454. Nínú gbogbo wọn, 104 péré ló ní àrùn ara-ń-bá-ara-jà. Iye yìí kéré jọjọ sí ohun tí à bá retí nílẹ̀ Yúróòpù.

Greenwood tẹ àbájáde iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet ní ọdún 1968, ó sì dá àbá kan tó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibà àti aràn tó ń bá àwọn ènìyàn jà láti ìgbà èwe ló ti yí ìṣesí àwọn ọmọ ogun ara wọn padà, débi pé wọn kì í tètè kọjú ìjà sí onílé. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ àwọn àgbà sọ ọ́, ọmọ ogun tó ń rí ọ̀tá gidi bá jà lójoojúmọ́ kò ní àyè àtibá ará ilé fa wàhálà. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àwọn kòkòrò náà tún ní ọgbọ́n tí wọ́n ń dá láti pa ọmọ ogun ara lójú dé kí wọ́n lè pẹ́ nínú ara.

Èkúté jẹ́rìí, ènìyàn ń kọ́?

Àbá kì í di òtítọ́ títí a ó fi dán an wò. Irú èkúté kan wà tí ìran wọn ti ilẹ̀ New Zealand wá, tí àrùn tó jọ lupus máa ń mú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi kàn wọ́n, tí kíndìnrín wọn yóò sì bàjẹ́. Greenwood àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Herrick àti Voller, kó irú ibà tó ń ṣe èkúté ran àwọn kan lára wọn. Àwọn tí ibà náà bá jà bọ́ lọ́wọ́ àrùn kíndìnrín náà ju àwọn tí wọn kò fi ibà kàn lọ. Ìwé ìròyìn Nature ló gbé àbájáde yìí jáde ní ọdún 1970.

Lẹ́yìn èyí ni Greenwood kọjá sí Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, níbi tó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ní ọdún 1980, ó lọ darí ilé ìwádìí ìṣègùn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní orílẹ̀-èdè Gambia, ó sì lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níbẹ̀. Iṣẹ́ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe níbẹ̀ wà lára ohun tó fi han aráyé pé àpò ẹ̀fọn tí a rẹ sínú oògùn apakòkòrò lè dín ikú àwọn ọmọdé kù. Ní ọdún 2008, òun àti Miriam Were ti orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà ni wọ́n kọ́kọ́ gba ẹ̀bùn Hideyo Noguchi tí ìjọba Japan dá sílẹ̀ nítorí ìlera ilẹ̀ Áfíríkà.

Ẹbí kan náà, ilẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ohun tó tún mú ìbéèrè Ìbàdàn le sí i ni ipò àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà lẹ́yìn odi. Láàrin àwọn obìnrin dúdú ní Amẹ́ríkà, tí púpọ̀ nínú àwọn baba ńlá wọn ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ nígbà òwò ẹrú, lupus wọ́pọ̀ ju ìlọ́po méjì bó ti wà láàrin àwọn obìnrin òyìnbó lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan náà, kí ló wá dé tí àrùn fi pọ̀ lọ́hùn-ún, tí ó sì dà bí ẹni pé ó kéré nílé?

Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2001 ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù tún fi kún un. Ní gúúsù ìlú náà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà àti Gánà fi ṣe ibùgbé, àwọn olùwádìí rí i pé lupus wọ́pọ̀ láàrin àwọn tó ṣí wá láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ju láàrin àwọn òyìnbó lọ. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ìran tó ti kúrò nílé láti ayé ẹrú. Àwọn tó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ ni wọ́n.

Àlàyé méjì ló wà nílẹ̀. Àwọn kan gbà pé ìgbé ayé ló yàtọ̀, pé ẹni tó bá kúrò lágbègbè ibà àti aràn ti pàdánù ohun tó ń kó ọmọ ogun ara rẹ̀ níjàánu. Àwọn mìíràn sọ pé àrùn náà wà nílé láti ọjọ́ yìí wá, pé àìsí onímọ̀ tó lè dá a mọ̀ ni kò jẹ́ kí a kà á, àti pé ọ̀pọ̀ ló ti bá a lọ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe wọ́n.

Iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Femi Adelowo, onímọ̀ nípa àrùn oríkèé ara ní Èkó, ti àlàyé kejì yìí lẹ́yìn dé ìwọ̀n kan. Nínú àkọsílẹ̀ tí òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2009, àwọn 66 ni wọ́n rí pé wọ́n ní lupus nínú 1,250 aláìsàn tó wá nítorí àrùn oríkèé àti irú rẹ̀. Ní ọdún 2010, ó tún tẹ àkọsílẹ̀ igba aláìsàn jáde, tí gbogbo wọn ní irú làkúrègbé tí Greenwood wá tì. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé nígbà tí ojú tó mọ̀ ọ́n bá wà, a ó rí i.

Síbẹ̀, àlàyé kìíní kò tíì kú. Ní ọdún 2010, àwọn olùwádìí fi hàn pé ìyàtọ̀ kan tó wà nínú àbùdá àwọn ènìyàn kan lè mú kí lupus tètè mú wọn, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan náà ń dáàbò bo àwọn ọmọdé Kẹ́ńyà lọ́wọ́ ibà líle. Ó lè jẹ́ pé ohun tó gba àwọn baba ńlá là lọ́wọ́ ẹ̀fọn ló ń dá àwọn ọmọ wọn lóró ní ìlú tí ẹ̀fọn kò sí.

Ibi tí ìmọ̀ dé báyìí

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ìgbìmọ̀ ẹ̀bùn Nobel kéde Mary Brunkow àti Fred Ramsdell ti Amẹ́ríkà pẹ̀lú Shimon Sakaguchi ti Japan gẹ́gẹ́ bí àwọn tó gba ẹ̀bùn ìmọ̀ ìṣègùn. Ní ọdún 1995 ni Sakaguchi ti fi hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn kì í ṣe ìjà, bí kò ṣe láti máa pẹ̀tù sí ìjà, bí ìgbà tí àgbà bá ń dá àwọn ọmọ ogun lẹ́kun. Ní ọdún 2001, Brunkow àti Ramsdell rí àbùdá tí àwọn onílàjà wọ̀nyí kò lè ṣe láìsí, wọ́n sì fi hàn pé bí ó bá bàjẹ́, àrùn ara-ń-bá-ara-jà tó le koko ni yóò tẹ̀lé e.

Ìtọ́jú náà ń yí padà. Ní orílẹ̀-èdè Jámánì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Georg Schett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Erlangen ròyìn ní ọdún 2022 pé àwọn yọ sẹ́ẹ̀lì lára aláìsàn lupus márùn-ún, àwọn tún un kọ́ níṣẹ́, àwọn sì dá a padà sí wọn lára láti pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń dá ìjà sílẹ̀ run. Àrùn náà rọlẹ̀ lára àwọn márààrún. Owó rẹ̀ ṣì ga ju ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè ná lọ, ìwádìí lórí rẹ̀ kò sì tíì parí.

Ní ti aràn, àwọn olùwádìí ní Argentina ròyìn ní ọdún 2007 pé àwọn aláìsàn méjìlá kan tí aràn wà nínú wọn, tí ara wọn sì ń bá iṣan ọpọlọ wọn jà, kò ní ìṣòro tó bí àwọn tí kò ní aràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn mìíràn fún àwọn aláìsàn tí àrùn bá ìfun wọn jà ní ẹyin aràn mu, kò ṣiṣẹ́ bí wọ́n ti retí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ó dára kí a fi ibà tàbí aràn sílẹ̀ láìtọ́jú. Ibà ṣì ń pa ọmọdé púpọ̀ ju lupus lọ.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, Nàìjíríà gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà, ìpínlẹ̀ Kebbi àti Bayelsa ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Bí ibà bá wá ń dín kù, tí àwọn ọmọ tí kò mọ ibà bá dàgbà ní àwọn ìlú bí Àbújá, ṣé àrùn ara-ń-bá-ara-jà yóò pọ̀ sí i? Ẹni tó bá fẹ́ dáhùn ìbéèrè yìí gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ nísinsìnyí. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni yunifásítì ń fún ènìyàn ní oyè ọ̀mọ̀wé lé lórí.

Ọ̀nà tó lọ sí oyè ọ̀mọ̀wé

Ẹ̀kọ́ nípa àjẹsára ara ti pẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Abẹ́ ẹ̀ka tó ń yẹ èròjà inú ẹ̀jẹ̀ àti omi ara wò ló wà tẹ́lẹ̀, kó tó di ẹ̀ka tó dá dúró. Ìlànà ìgbaniwọlé lè yàtọ̀ díẹ̀ láti yunifásítì kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n àwọn ohun wọ̀nyí ni wọ́n sábà máa ń béèrè.

Àkọ́kọ́ ni èsì ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ girama. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé ẹni tó ń wá oyè ọ̀mọ̀wé pàápàá yóò tún mú èsì yìí jáde: kírẹ́díìtì márùn-ún, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí, kẹ́mísírì àti físíìsì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Àwọn kan wà tí ìwé ìwádìí wọn dára, tí àìpé kírẹ́díìtì kan ṣoṣo sì dá wọn dúró.

Èkejì ni oyè àkọ́kọ́. Oníṣègùn ènìyàn, oníṣègùn eyín àti oníṣègùn ẹran lè wọlé; bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó kọ́ iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò àrùn tàbí kẹ́mísírì ohun abẹ̀mí. Fún àwọn oyè tó ní ìpele, ipele kejì ti ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́ ààlà. Wọ́n á tún béèrè ìwé ẹ̀rí agùnbánirọ̀, tàbí ìwé tó fi hàn pé òfin yọ ẹni náà kúrò nínú iṣẹ́ ìsìnlú.

Ẹ̀kẹta, tó sì ṣe pàtàkì jù, ni oyè kejì, èyí tó ní ìwádìí àti ìwé àpilẹ̀kọ nínú. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹni tó bá gba máàkì ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní oyè kejì ló lè wọ ọ̀nà oyè ọ̀mọ̀wé tààrà. Ẹni tó bá kéré sí i díẹ̀ yóò gba ọ̀nà oyè MPhil kọjá ná, kí ó fi hàn pé òun tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gbé e gòkè.

Ẹ̀kẹrin ni ìwé. Yunifásítì tí ènìyàn ti jáde ni yóò fi àkọsílẹ̀ máàkì ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò gbé e lọ́wọ́. Àwọn olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ ẹni náà yóò kọ ìwé ẹlẹ́rìí. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì kọ àbá ìwádìí: kí ni ìbéèrè rẹ̀, kí ni àwọn aṣáájú ti ṣe lórí rẹ̀, báwo ni òun yóò ṣe wá ìdáhùn, àti ta ni ọ̀jọ̀gbọ́n tí yóò tọ́ òun sọ́nà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ nìyí. Bí kò bá sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó ní àyè àti ìmọ̀ nípa kókó náà, máàkì tó ga jù lọ kò lè ṣí ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn ìgbaniwọlé, ó kéré tán ọdún mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ tó gbájú mọ́ ẹ̀kọ́ nìkan yóò lò. Kí ó tó gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kankan, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn tí a fi ń ṣe ìwádìí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Nígbẹ̀yìn, yóò dúró níwájú àwọn adájọ́, tí ọ̀kan nínú wọn yóò ti yunifásítì mìíràn wá, yóò sì gbèjà iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn oníṣègùn tó ti gba ìwé ẹ̀rí oníṣègùn àgbà lọ́dọ̀ National Postgraduate Medical College tàbí West African College of Physicians a máa béèrè bóyá ó tún yẹ kí àwọn kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé. Ìwé ẹ̀rí àgbà ń fi hàn pé ẹni náà mọ ìtọ́jú aláìsàn débi tó ga. Oyè ọ̀mọ̀wé ń fi hàn pé ó lè bi ẹ̀dá ní ìbéèrè tuntun, kí ó sì rí ìdáhùn tí àwọn ẹlòmíràn lè gbé yẹ̀ wò. Àrùn ara-ń-bá-ara-jà nílò méjèèjì.

Àbújá ni ojú gbogbo ń wò

Ọ̀pọ̀ ìpinnu tó kan ọ̀rọ̀ yìí ló ń jáde láti Àbújá. Àjọ NUC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1962 tí òfin sì fún ní agbára ní ọdún 1974, ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Maitama. Òun ló ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ tí yunifásítì lè ṣe, ó sì yẹ kí ẹni tó ń wá oyè ọ̀mọ̀wé rí i dájú pé àjọ náà ti fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà kó tó san owó. Àjọ TETFund, tí òfin rẹ̀ jáde ní ọdún 2011, ló ń ran àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba lọ́wọ́ láti kàwé sí i. Ní ìparí ọdún 2024, àjọ náà kéde pé láti oṣù kìíní ọdún 2025, òun yóò dá rírán àwọn olùkọ́ lọ kàwé lókè òkun dúró, nítorí ọ̀pọ̀ tí wọ́n rán lọ kò padà wá.

Ìpinnu yẹn gbé ẹrù lé àwọn yunifásítì ilé lórí. Bí ọmọ Nàìjíríà yóò bá kàwé gboyè nílé, ẹ̀rọ tó ń ka sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́, iná gbọ́dọ̀ wà kí ẹ̀jẹ̀ tí a tọ́jú sínú ẹ̀rọ amúǹkantutù má bàjẹ́, àwọn èròjà àyẹ̀wò tó ń ti òkè òkun wá kò sì gbọ́dọ̀ há sí èbúté. Àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn náà ṣe kókó. Ilé Ìwòsàn Àpapọ̀ ní Àbújá, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1999, àti ilé ìwòsàn ìkọ́ni tó wà ní Gwagwalada ń gba àwọn aláìsàn láti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ lásán ni Greenwood fi bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, kì í ṣe ẹ̀rọ olówó gọbọi.

Ohun tí aráàlú lè ṣe

Ẹni tí ibà rẹ̀ bá ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn oògùn tó péye, tí oríkèé rẹ̀ ń ro tàbí tó ń le ní òwúrọ̀ fún ohun tó lé ní wákàtí kan, tí irun rẹ̀ ń já, tí oòrùn ń mú kí ara rẹ̀ sú, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ ń hó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú, kí ó má ṣe dúró ní ilé ìtajà oògùn. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó sì béèrè fún àyẹ̀wò ìtọ̀ àti ti ẹ̀jẹ̀. Obìnrin tó ní lupus lè lóyún kí ó sì bímọ láyọ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bá oníṣègùn rẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí àwọn oògùn kan wà tí kò yẹ fún aboyún. Kò sì yẹ kí aláìsàn dá oògùn dúró fúnra rẹ̀ nítorí pé ara ti yá. Àrùn náà lè sùn, kì í sábà kú.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù karùn-ún ọdọọdún ni àyájọ́ lupus lágbàáyé. Fún àwọn ẹbí tó ti gbé aláìsàn kiri láti ilé ìtajà oògùn dé ilé àdúrà, ohun tí wọ́n nílò ju àyájọ́ lọ ni oníṣègùn tó lè dárúkọ àrùn náà fún wọn. Fún ọ̀dọ́ tó ń to ìwé rẹ̀ jọ láti wọ yunifásítì, ìbéèrè tí wọ́n béèrè ní Ìbàdàn ní ọdún 1968 ṣì wà nílẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó kù bá tètè tọ́ àwọn ọmọ sọ́nà, tí ìjọba sì ti yàrá ìwádìí lẹ́yìn, ìdáhùn rẹ̀ lè ti ilé jáde.